Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Káńsẹ́lọ̀ Ní Ọ̀fẹ́ Ni, Dókítà Ní Kí N Sanwó

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà wa níbí. Lóṣù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kí oníkálukú forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera, ká máa sanwó lọ́dọọdún. Dókítà kan bá wọn wá, ó ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí káńsẹ́lọ̀ wa fi pe ìpàdé tirẹ̀, ó ní ká má dá wọn lóhùn, pé bí ẹgbẹ́ òun bá tún wọlé, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú yóò jẹ́ fún tọmọdé tàgbà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó lóyún ti fọkàn sí ọ̀fẹ́. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá gbà. Ṣé kì í ṣe dókítà ló mọ̀ jù? Àbí torí ohun tó máa jẹ níbẹ̀ ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀?
Ìyá Aláṣọ, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o. Mo dúpẹ́ pé ẹ bi mí ní ìbéèrè yín ìkẹyìn yẹn, torí ọ̀pọ̀ ló ń bi í lábẹ́lẹ̀ tí wọn kì í lè sọ ọ́ lójú dókítà. N óò dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní àwọn ìbùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀, ní Òkè-Ògùn àti ní Ìbàràpá. Lọ́dún kan tí ìdìbò ń bọ̀, olóṣèlú kan gbé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wá sí pápá ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá, àwọn dókítà wá láti ìgboro. Èmi náà jókòó tì wọ́n, mò ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta gààrí jókòó síwájú mi. Mo wọn tirẹ̀, 210 lókè, 120 nísàlẹ̀. Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe òun; orí tó máa ń fọ́ ọ nírọ̀lẹ́, oòrùn ló kà á sí. Wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ọ̀rá tí wọ́n ya àwòrán olóṣèlú náà sí.

Oògùn yẹn tán. Obìnrin náà ń retí pé wọn yóò padà wá. Ìdìbò kọjá, wọn ò padà wá. Nínú oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀kadà, ọmọ rẹ̀ dì í mú látẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ ti yí, apá ọ̀tún ti rọ. Ọmọ náà mú ọ̀rá yẹn dání. Páálí oògùn tó ti ṣófo ló wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kó o pamọ́, kí wọ́n lè mọ irú èyí tí wọn yóò tún fún un.

Àwọn dókítà tó wá lọ́jọ́ yẹn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn tí wọ́n kọ dára. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀sẹ̀ méjì wò; ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò sì lò ó títí ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn dókítà ló ní kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó ná owó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, iye èèyàn tó máa gba ọ̀rá ló sì ń kà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yàtọ̀ sí i. Ní Kwara, láti ọdún 2007, Hygeia, iléeṣẹ́ tó ń ṣe adójútòfò ìlera, àti ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé adójútòfò kan kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké. Owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ Netherlands ló san èyí tó pọ̀ jù, owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn ará ìlú fi kún un. Àwọn oníwàádìí wá wọn àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru níbi tí ètò náà dé àti níbi tí kò dé. Níbi tó dé, òǹkà òkè fi nǹkan bí 10 wálẹ̀. Níbi tí kò dé, nǹkan bí 5. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Èyí tó fi ju èkejì lọ lè kéré lójú yín, ṣùgbọ́n bí a bá kó odidi ìlú pọ̀, àwọn ìyá tí ẹnu wọn kò ní yí ló wà nínú márùn-ún yẹn.

Nítorí náà, bí dókítà tó wá sí ìpàdé yín bá sọ pé ìtọ́jú tí owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé sàn ju èyí tí à ń wá owó rẹ̀ kiri nígbà tó bá dé, ó mọ ohun tó ń sọ, ẹ gbà á gbọ́. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ náà nìyẹn. Ta ni yóò san owó ọ̀hún? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ni, àbí owó orí àwọn olówó, àbí owó epo rọ̀bì? Ìtọ́jú wo ni kó wà nínú rẹ̀, èwo ni kó dúró ná? Nínú ìyẹn, dókítà kò ní àṣẹ jù yín lọ. Ọ̀rọ̀ ìlú ni, ibẹ̀ gan-an ni káńsẹ́lọ̀ sì ti wúlò, bó bá fẹ́ wúlò.

Ẹ má fi adójútòfò wé èsúsú. Èsúsú, bí ẹ bá dá a, tiyín ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ fi wé owó tí ẹgbẹ́ yín máa ń dá nígbà tí òbí ọ̀kan nínú yín bá kú. Gbogbo yín lẹ dá a, ẹni tí ọ̀ràn kàn ló gbé e, kò sì sẹ́ni tó ń gbàdúrà kó kan òun. Ẹ wá rò ó wò: ká ní àwọn tí òbí wọn ti dùbúlẹ̀ àìsàn nìkan ló ń dá owó yẹn, ṣé yóò tó ẹni méjì ná? Ìdí nìyí tí òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 fi sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, òfin 1999 tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wúlò fún jù. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí káàkiri Nàìjíríà ní 2018, 97 nínú 100 àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ni kò ní adójútòfò kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1962 ni Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ìlera nígbà náà, ti gbé irú rẹ̀ wá fún Èkó, kò sì kẹ́sẹ járí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí.

Ṣé dókítà náà ń jẹ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe ń rìn, ẹ̀yin fúnra yín yóò sì rí i. Ilé ìwòsàn tí ẹ bá yàn ń gba iye kan lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, yálà onítọ̀hún ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Ó dára, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n lè ra oògùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé ilé ìwòsàn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run lè fẹ́ kí orúkọ pọ̀ kí ìtọ́jú kéré. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń wo oníkáàdì adójútòfò bí ẹni tó wá tọrọ. Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó nílé ìwòsàn náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ bi àwọn tó di káàdì mú léèrè bóyá wọ́n ń rí oògùn gbà, àbí wọ́n ń kọ ọ́ fún wọn kí wọ́n lọ rà á níta. Ẹ bi dókítà náà, lójú gbogbo ẹgbẹ́, pé: iṣẹ́ abẹ ìbímọ ńkọ́, ṣé ó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, àtọ̀gbẹ ńkọ́? Ta ni a ó pè bí wọ́n bá lé wa? Dókítà gidi kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ó wá ku káńsẹ́lọ̀. Èmi ò ní sọ pé ọ̀fẹ́ kò ṣeé ṣe. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́. Owó orí àti owó kòkó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Gánà, Kufuor tó ń du ipò ààrẹ fi ìlérí pé òun yóò fòpin sí kí aláìsàn máa sanwó kó tó rí dókítà polongo ìbò ní 2000. Ó wọlé. Ní 2003 wọ́n ṣe òfin adójútòfò, wọ́n sì kọ ibi tí owó yóò ti wá sínú rẹ̀ gbangba: owó orí ọjà 2.5 nínú 100, pẹ̀lú díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́. Ìlérí olóṣèlú nìyẹn, tí àwọn tó mọ ìṣirò sì bá a jókòó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín nìyí: ìlà wo nínú ètò ìṣúná ni owó ọ̀fẹ́ yìí wà, èló sì ni? Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ọ̀rá míì tó ní àwòrán ló mú bọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín dúró dè é. Oyún kì í dúró de ìdìbò. Òfin ìlera ti 2014 ya ó kéré tán 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, apá kan rẹ̀ sì wà fún àwọn tí kò ní agbára àti sanwó adójútòfò, pàápàá aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Kí ó lọ sí ìbùdó ìlera wọ́ọ̀dù yín, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń kọ orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọjà ń gbè, ẹ sanwó tiyín. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, 8,500 náírà ni fún ẹnì kan lọ́dún, 40,000 fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Iye ti ìpínlẹ̀ yín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi iyekíye tí wọ́n bá pè é wé ohun tí ẹ ná nígbà tí ibà mú ọmọ yín kẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀ mà. Dókítà ni mí, mi ò tíì pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo àtúnṣe ìlera ní Nàìjíríà, olóṣèlú ló ń bà á jẹ́. Lójú tèmi, àwọn tó mọ iṣẹ́ ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Kí mínísítà ìlera máa jẹ́ dókítà nígbà gbogbo, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọwọ́ kúrò nínú ohun tí wọn kò kà. Ṣé mo ṣì í?
Dókítà, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Dókítà, bí mo bá pè ọ́ ní ọmọ mi, má bínú. Ìbínú rẹ tọ́. Mo mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn nígbà tí aláìsàn kú sí i lọ́wọ́ lórí ohun tí kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ibi tí o fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà gbà yóò já wa kulẹ̀, torí a ti gba ibẹ̀ rí.

Ṣé o mọ ìtàn Olíkóyè Ransome-Kútì dáadáa? Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ni, Babangida sì fi í ṣe mínísítà ìlera ní 1985. Ọmọdé nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Mi ò rí ọ̀gá tó dà bí rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ní kì í ṣe ilé ìwòsàn ńlá ni ọmọ Nàìjíríà ti ń kú, abúlé ni. Ibẹ̀ ni kí owó àti òṣìṣẹ́ máa lọ. Kì í ṣe gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni ni inú wọn dùn sí i. Àwa tí a wà ní ìsàlẹ̀ ni inú wa dùn. Ètò ìlera 1988 tó gbé kalẹ̀ fi ìtọ́jú alábọ́ọ́dé sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìgò bíà ni a fi ń wọn omi rẹ̀, torí kò sí abúlé tí kò ti sí. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọ oko, orí alùpùpù ni mo máa ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára lé, yìnyín inú rẹ̀ a máa ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀, tí mo bá sì débẹ̀ àwọn ìyá á ti tò lábẹ́ igi. Àwọn ọdún yẹn, mo bá ọ̀pọ̀ oṣù lọ láìsin ọmọ kan tí àrùn ìta (measles) pa.

Ó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún bíi méje. Nígbà tí wọ́n wádìí káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2003, ọmọ 13 péré nínú 100 ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kó gbà.

Kí ló dé? Ìmọ̀ kò tán ní Nàìjíríà. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀, kúlà mi ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ ńlá yẹn kò ní ìdílé nínú ìṣèlú. Ìjọba ológun ló gbé e dúró. Kò sí aṣòfin kan tó lè pàdánù ìbò nítorí pé àjẹsára kò dé oko wa, kò sì sí ìyá kan tí ẹnikẹ́ni bi léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n tó pa á tì. Ohun tí ológun kan fi ẹnu pa láṣẹ, ológun mìíràn lè fi ẹnu wọ́gi lé e. Àwọn ológun yìí kan náà ni wọ́n fi ìlera ṣàwáwí nígbà tí wọ́n ń gbàjọba: nínú ìkéde tí Abacha ka ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ó sọ pé àwọn ilé ìwòsàn wa ti di ibi ìgbàmọ̀ràn lásán, kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí ohun èlò. Kò ju ọdún kan lé díẹ̀ lọ, ìjọba yẹn fòfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń béèrè oògùn àti ohun èlò kan náà.

Ní ti pé kí mínísítà máa jẹ́ dókítà dandan, ẹni tó wà nípò náà nígbà tí adójútòfò bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyítayọ̀ Lámbò, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ìlera ni, kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ kùn nígbà náà pé kí ló wá ṣe níbẹ̀. Májẹ̀kódùnmí, dókítà tí mo dárúkọ níṣàájú, gbé e wá ní 1962 kò rí i ṣe. Mi ò sọ pé onímọ̀ owó sàn ju dókítà lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ ìfun tó ti bàjẹ́ kò fi ìyẹn mọ bí a ó ṣe pín owó láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí.

Èyí tó kù, ó ṣòro fún mi láti kọ. Lọ́dún 2011, ilé aṣòfin àpapọ̀ parí iṣẹ́ lórí àbádòfin ìlera, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ Jonathan. Kò fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á, ṣùgbọ́n ìjà wa wà lára rẹ̀: ẹ̀yin dókítà lápá kan, àwa nọ́ọ̀sì, apoògùn, àwọn onílábù àti àwọn tó kù lápá kejì. Ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn, ta ni òfin náà gbé ga, ta ló rẹ̀ sílẹ̀. Mo wà nínú ìpàdé kan tí a ṣe lórí rẹ̀. Àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Onímọ̀ ni gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, kò sí olóṣèlú kan láàárín wa. Nígbà tí mo délé ni mo rántí pé kò sẹ́ni tó dárúkọ aboyún, bẹ́ẹ̀ sì ni owó ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tí mo sọ fún Ìyá Aláṣọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú àbádòfin yẹn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2014 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin náà, 2018 ni owó ọ̀hún tó kọ́kọ́ wọ inú ètò ìṣúná. Ọdún méje. Mo ka àwọn obìnrin tí ìsun ẹ̀jẹ̀ pa ní ìbùdó tèmi láàárín ọdún tó kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo mọ orúkọ wọn.

Nítorí náà, Dókítà, máa jà. Máa sọ ohun tí o mọ̀ lórí rédíò, lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹ̀rí lórí ètò ìṣúná, mú àkọsílẹ̀ rẹ dání. Bí aṣòfin bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa àrùn, dá a lẹ́kun níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé owó tiyín ni ẹ̀ ń bá ìjọba fà, ẹ sọ pé owó tiyín ni. Ẹ̀tọ́ yín ni, mi ò bá yín wí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ dá a pọ̀ mọ́ ìṣègùn, kí ará ìlú má mọ èyí tó jẹ́ ìmọ̀ àti èyí tó jẹ́ owó oṣù.

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ọkọ mi wà ní Leeds. Pọ́ùn 1,035 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa fún ìlera lọ́dún kan lórí físà, síbẹ̀ mo pẹ́ kí n tó rí dókítà. Àwọn èèyàn níbí ń sọ pé kí wọ́n gba NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, kúrò lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, kí àwọn dókítà máa darí rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé yóò sàn bẹ́ẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Leeds

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ̀jìrẹ́ yóò dàgbà o. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní 1948, bóyá ni NHS ì bá wà.

Aneurin Bevan, mínísítà tó dá a sílẹ̀, ọmọ awakùsà ni láti Tredegar ní Wales, òun fúnra rẹ̀ sì wọ inú kòtò èédú lọ ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Nílùú yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń dá owó sí láti inú owó iṣẹ́ wọn, ẹgbẹ́ náà sì ń gba dókítà fún gbogbo ìdílé. Bevan ti rí i lójú ara rẹ̀ kó tó di olóṣèlú, ohun tó rí nílé ló sì fẹ́ ṣe fún gbogbo Britain. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà dìbò lórí rẹ̀ ní oṣù Kejì 1948, ó lé ní 40,000 tó kọ̀ ọ́, àwọn tó gbà á kò tó 5,000. Onímọ̀ ni wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ìjọba yóò sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Bevan bá wọn dúnàá dúrà: ó gbà kí àwọn dókítà àgbà máa rí aláìsàn tó ń sanwó, ó sì gbà kí dókítà àdúgbò má di olówó oṣù. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀ ọ́ sì ti wọlé sí i.

Pọ́ùn 1,035 tí ẹ san yẹn, kò sí dókítà tó kọ ọ́ sórí ìwé oògùn yín. Àwọn olóṣèlú ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejì 2024. 624 ni tẹ́lẹ̀. Bí àwọn dókítà bá ń darí NHS lọ́la, wọ́n lè tún bí wọ́n ṣe ń to àwọn aláìsàn ṣe, yóò sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì, àwọn tí ẹ lè fi ìbò lé kúrò ló ń dá a lé, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn kó wà lọ́wọ́ wọn ju kó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò lè lé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ni kò mọ èyí: ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Britain lábẹ́ òfin ní ẹ̀tọ́ láti dìbò níbẹ̀, torí pé a wà nínú Commonwealth. Ẹ ò ní láti dúró di ìgbà tí ẹ bá gba ìwé ìlú wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin àti bàbá wọn, ẹ ṣe é kí àwọn ìbejì tó jí.